Mọ́tò Oníná Kan Náà, Iye Mẹ́ta Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: Ìbéèrè àti Ìdáhùn fún Ará Ìkòròdú

Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023, ọ̀rọ̀ mọ́tò oníná ò tán lẹ́nu ará Ìkòròdú mọ́, láti Sábó títí dé Ìjẹ̀dẹ̀. Ẹni tó bá sì fẹ́ rà á lóòótọ́ kì í pẹ́ kó tó bọ́ sínú ìdààmú kan: orúkọ kan náà, ọdún kan náà, ojú kan náà, ṣùgbọ́n iye mẹ́ta ni wọ́n ń pè é. Àwọn ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí nípa rẹ̀ ni mo kó jọ síbí.

Kí ló dé tí iye wọn fi jìnnà síra tó bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n jọra?

Ẹ̀yin tí ẹ ti ra Camry tàbí Corolla rí, ẹ mọ LE, ẹ mọ XLE, ìyẹn ìpele tí wọ́n pín ọkọ̀ kan náà sí. Nínú ọkọ̀ epo, ẹ́ńjìnnì kan náà ló sábà máa ń wà nínú méjèèjì. Àga aláwọ, òrùlé tó ń ṣí, ẹ̀rọ orin tó ń dún dáadáa lẹ ń sanwó lé. Ìdí nìyẹn tí gbogbo wa fi gbà pé “full option” ló dára jù, pé ẹni tí owó rẹ̀ ò tó ló ń ra èyí tó kù.

Mọ́tò oníná ò rí bẹ́ẹ̀. Ìpele tí ẹ bá mú lè yí ohun tó wà lábẹ́ ọkọ̀ padà: bí bátìrì ṣe tóbi tó, ohun tí wọ́n fi ṣe é, bí ó ṣe ń yára gba iná. Ẹ wo Nissan Leaf tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà. Leaf ọdún 2016 tó jẹ́ S, bátìrì kWh 24 ló gbé. SV àti SL ọdún kan náà, kWh 30 ni tiwọn. Níbi àyẹ̀wò ìjọba Amẹ́ríkà, S lè rin nǹkan bíi kìlómítà 135 kí iná rẹ̀ tó tán, àwọn yòókù lè rin 172. Bí ẹ bá to wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ojú lásán ò lè sọ èwo ni èwo.

kWh wo lẹ ń sọ yẹn?

Yúníìtì tí ẹ ń rà sí mítà ilé yín náà ni. kWh 1, yúníìtì 1. Bátìrì kWh 60 tó ti gbẹ yóò gba 60, àti díẹ̀ lé e, torí pé iná máa ń ṣòfò díẹ̀ lójú ọ̀nà.

Ìgbógbó ni mò ń gbé, Victoria Island ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ṣé bátìrì kékeré ò ní já mi kulẹ̀ lórí Third Mainland?

Kò ní í já yín kulẹ̀ bí bátìrì náà bá ṣì pé. Àlọ àti àbọ̀ yín lè tó kìlómítà 80 tàbí kó lé díẹ̀. Mọ́tò oníná tó mọ níwọ̀n ń jẹ nǹkan bíi yúníìtì 16 ní kìlómítà 100, nítorí náà 13 ni ìrìn yẹn máa jẹ. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Mile 12 àti Kétu tó ń fi epo wa ṣòfò, kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe ọkọ̀ yìí ní nǹkan kan. Bí ó bá dúró, ohun tó ń yí táyà náà dúró. AC nìkan ló ń jẹ iná, bóyá yúníìtì kan ní wákàtí kan. Ká ní ẹ lo wákàtí 3 lójú kan, gbogbo rẹ̀ á jẹ́ 16.

Iná àdúgbò yín ló yẹ kí ẹ fi ṣe òṣùwọ̀n kí ẹ tó wo bí ọ̀nà ṣe jìn. NERC, àjọ tó ń ṣe àkóso ọ̀rọ̀ iná, ti pín wa sí ọ̀wọ́: Band A yẹ kó rí iná ó kéré tán wákàtí 20 lóòjọ́, B 16, C 12, D 8, E 4. Ẹni tó wà ní Band A tí iná rẹ̀ sì ń dé lóòótọ́ lè ra bátìrì tó kéré, kó máa ki í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì lálaalẹ́, kó fi owó tó kù ṣe nǹkan gidi. Ẹni tó wà ní Band D, tí iná lè ṣe ọjọ́ méjì kó má yọjú, òun gan-an ló nílò bátìrì ńlá, kódà bí ibi tó ń lọ ò bá kọjá Ṣàgámù, torí pé nígbàkígbà tí iná bá dé, á gbà á pa mọ́ fún ọjọ́ mélòó kan. Mo ti gbọ́ kí àwọn èèyàn sọ pé a ò lè ṣàìrí iná níbí torí pé Egbin, ibùdó tí wọ́n kọ́ láti máa pèsè MW 1,320, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìjẹ̀dẹ̀. Wáyà gbogbo orílẹ̀-èdè ni iná yẹn ń bá lọ o. Ẹ má gbé ìṣirò ọkọ̀ yín lé e.

Ní ti owó, ní oṣù kẹrin ọdún 2024 ni NERC gbé yúníìtì Band A sí 225 náírà, kí wọ́n tó dín in kù díẹ̀ lẹ́yìn náà. Ní 225 yẹn, yúníìtì 16 jẹ́ 3,600 náírà. Ẹ fi wé owó epo tí ẹ ń rà láti lọ sí Island kí ẹ sì padà.

Ẹnì kan ní ọkọ̀ òun ń rin kìlómítà 430, ẹlòmíràn ní 420. Ṣé èyí tó ń rin 430 kọ́ ni kí n mú?

Ẹ kọ́kọ́ béèrè ẹni tó wọ̀n ọ́n. Ọkọ̀ BYD tí wọ́n ń pè ní Yuan Plus ní Ṣáínà ni wọ́n ń tà lókè òkun ní Atto 3. Bátìrì rẹ̀ ńlá jẹ́ kWh 60.48, kékeré jẹ́ 49.92. Òṣùwọ̀n Ṣáínà, CLTC, fún ńlá ní kìlómítà 510, ó fún kékeré ní 430. Òṣùwọ̀n Yúróòpù, WLTP, fún ńlá ní 420, ó fún kékeré ní 345. Ẹ rí i báyìí pé ẹni tó ní 430 lè jẹ́ pé bátìrì kékeré ló ń tà, kí ẹni tó ní 420 sì máa ta ńlá. Àwọn méjèèjì ò purọ́. Lórí ọ̀nà tiwa, pẹ̀lú AC láti òwúrọ̀ ṣúlẹ̀, èmi máa ń yọ ìdá kan nínú márùn-ún kúrò nínú ti WLTP kí n tó fi ṣètò ìrìn. Ti CLTC, mi ò tilẹ̀ fi ṣe ìṣirò rárá.

Bátìrì ìpele òkè ló lágbára jù, àbí?

Ẹ fara balẹ̀ síbí o, torí ibí ni owó ti ń gbé jù. Irú bátìrì méjì ló pọ̀ lọ́jà. Ọ̀kan ni LFP, tí wọ́n fi irin àti fọ́síféètì ṣe. Èkejì ni èyí tó ní níkẹ́ẹ̀lì nínú, tí wọ́n ń kọ NMC tàbí NCA sí lára. Oní-níkẹ́ẹ̀lì fúyẹ́, ó sì ń gba iná púpọ̀ sí àyè kékeré, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń fi í sí ìpele tó wọ́n, tó ń rìn jìnnà. LFP wúwo jù ú lọ, ṣùgbọ́n iye ìgbà tí a lè kún un ká sì lò ó tán kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀ pọ̀ ju ti èkejì lọ, kì í sì í tètè gbiná.

Tesla Model 3 jẹ́ kó hàn gbangba. Ní ọdún 2020 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi LFP sínú èyí tó rọjú jù, tó jẹ́ pé táyà ẹ̀yìn nìkan ló ń tì í. Long Range ọdún náà ṣì jẹ́ ti níkẹ́ẹ̀lì. Ilé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ní kí ẹni tó ní LFP máa kún un dé 100% ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Oní-níkẹ́ẹ̀lì, nǹkan bíi 80% ni wọ́n ń ní kó máa mọ lójoojúmọ́, kó kún un kìkì bí ó bá fẹ́ rìnrìn àjò. Ohun tó ń tètè ba níkẹ́ẹ̀lì jẹ́ ni kó kún bámúbámú kó sì dúró sínú oòrùn.

Ẹ wá wo bí a ṣe ń gbé. Iná dé láago mẹ́ta òru, a ò mọ ìgbà tó tún máa dé, a fẹ́ gba gbogbo èyí tó bá ṣeé gbà. Lójú ọjọ́, ọkọ̀ wà ní gbangba nínú oòrùn. LFP ló bá irú ìgbé ayé yìí mu. Bí wọ́n bá ní kí n yàn láàárín ìpele ìsàlẹ̀ tó ní LFP àti ìpele òkè tó ní níkẹ́ẹ̀lì, ti ìsàlẹ̀ ni màá mú láìwo ẹ̀yìn. Ti BYD tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, LFP ni méjèèjì, nítorí náà ẹ lè mú ńlá bí owó bá wà.

Leaf yàtọ̀ ní tirẹ̀. Èyí tí wọ́n ṣe kí Leaf tuntun ti ọdún 2026 tó dé kò ní omi tó ń tu bátìrì lára, bó bá ṣe S, bó bá ṣe SL. Ní ọdún 2012, àwọn tó ń wà á ní Arizona, níbi tí oòrùn ti mú gan-an, ké gbàjarè pé bátìrì àwọn ń dín kù ní kíákíá. Kò sí ìpele kankan tó lè yọ ọ́ nínú ìyẹn.

Ilé ni mo ti fẹ́ máa ṣáàjì. Kí ni kí n wò lára ìpele?

Ẹ̀rọ kan wà nínú ọkọ̀ tó ń yí iná ilé padà sí irú èyí tí bátìrì lè gbà. Bí ó bá kéré, kò sí ohun tí ẹ lè ṣe níta tí yóò mú un yára. Leaf S ọdún 2013, kW 3.6 ni tirẹ̀, ìyẹn yúníìtì 3.6 ní wákàtí kan, àfi bí ẹni tó kọ́kọ́ rà á bá san owó lé e. SV àti SL ní 6.6. Ojú ibi tí wọ́n ti ń fún un ní iná kíákíá níta náà, àfikún ni lórí S.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó sanwó fún 6.6, ẹ wo sọ́kẹ́ẹ̀tì yín. Okùn ṣáàjì kékeré tó ń bá ọkọ̀ wá sábà máa ń fa ámúpù 10. Bí iná bá pé 230, kW 2.3 nìyẹn. Bí ó bá wálẹ̀ sí 180, bó ṣe máa ń wálẹ̀ lálẹ́ ní àdúgbò púpọ̀, ó di 1.8, yúníìtì 16 á sì gbà tó nǹkan bíi wákàtí 9. Níbẹ̀, 3.6 àti 6.6 ò ní ìyàtọ̀ kankan. Ẹni tó bá lè fa wáyà tó nípọn láti ìdí mítà wá síbi tí ọkọ̀ ń sùn nìkan ló máa jèrè owó yẹn.

Ẹ wo ojú ihò ṣáàjì náà. Ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún ọjà Ṣáínà, GB/T ni tirẹ̀. Ti Yúróòpù jẹ́ Type 2, ti Amẹ́ríkà sábà máa ń jẹ́ Type 1. Ẹ rí okùn tó bá a mu kí ẹ tó sanwó. Ẹ tún yẹ earth ilé yín wò, ìyẹn wáyà tó wọ inú ilẹ̀. Nílé kan ní Òwútù, mo rí i tí iná pupa ń ṣẹ́jú lórí àpótí kékeré tó wà lára okùn ṣáàjì, ọkọ̀ ò gba nǹkan kan, ìdààmú ti bá baálé ilé pé owó òun ti gbé. Oníná wọlé, ó tú sọ́kẹ́ẹ̀tì: wáyà méjì péré ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n ri irin earth mọ́lẹ̀, wọ́n fa ẹ̀kẹta, iná náà di àwọ̀ ewé.

Òrùlé oníjígí, àga tó ń gbóná, ríìmù ńlá ńkọ́?

Àga tó ń gbóná, ti ìlú òtútù ni. Òrùlé oníjígí ń gba oòrùn wọlé, AC á sì máa bá a jà. Táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó ń wakọ̀ máa ń jẹ iná sí i, a ò sì ní yìnyín.

Ríìmù ńlá ni mo fẹ́ kí ẹ sá fún jù. Hyundai Ioniq 5 ní ti ínṣì 19, ó ní ti ínṣì 20. Bí ríìmù bá ṣe tóbi tó ni rọ́bà tó yí i ká ṣe máa fẹ́lẹ́ tó, kòtò ojú ọ̀nà Ògijo ò sì mọ ohun tó ń jẹ́ rọ́bà fẹ́lẹ́. Ó tún ń dín ìrìn bátìrì kù. Ọ̀pọ̀ mọ́tò oníná ni kò ní àpọ̀jù táyà nínú búùtù, kẹ́míkà tí wọ́n fi ń dí ihò nìkan ni wọ́n kó sí i, kẹ́míkà yẹn ò sì lè ṣe nǹkan kan fún ríìmù tó ti tẹ̀.

Ṣé òótọ́ ni pé ọkọ̀ lè fún ilé níná?

Òótọ́ ni, bí ó bá ní ohun tí wọ́n ń pè ní V2L. Ioniq 5 lè fún yín ní kW 3.6, BYD Atto 3 náà ní in. Fíríìjì, fáànù méjì àti tẹlifíṣọ̀n lè máà ju wáàtì 300 lọ: wákàtí 10, yúníìtì 3. Nínú bátìrì 60, ẹ ò ní í mọ̀ ọ́n lára. Ní ọ̀pọ̀ ìlú, sọ́kẹ́ẹ̀tì tó wà lábẹ́ àga ẹ̀yìn Ioniq 5 wà fún ìpele òkè nìkan, ṣùgbọ́n ẹ lè ra èyí tí wọ́n ń fi bọ ihò ṣáàjì níta. Èmi ò ní fi V2L du ẹnikẹ́ni tó ń gbé níbí, màá kúkú fi àga aláwọ sílẹ̀. Ẹ̀kténṣọ̀n ni kí ẹ fi fà á wọlé o, ẹ má ṣe so ó mọ́ wáyà ilé. Bí ó bá gba wáyà ilé jáde sórí òpó, ó lè pa òṣìṣẹ́ tó ń tún iná ṣe.

Tòkunbọ̀ ni owó mi ká. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ìpele tí wọ́n pè é ló jẹ́?

Ẹ má gba ohun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ búùtù gbọ́, ẹnikẹ́ni lè ra “SL” kó lẹ̀ ẹ́ mọ́ S. Ẹ gba VIN, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀, lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 ni, kí ẹ fi wá ìpele rẹ̀ gan-an lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Lórí Leaf, ẹ wo ọ̀tún dáṣíbọ́ọ̀dù: àwọn ìlà tínínrín 12 wà níbẹ̀ tó ń sọ bí ìlera bátìrì ṣe kù sí. Ìlà àkọ́kọ́ kì í lọ àfi bí nǹkan bíi 15% bá ti lọ, nítorí náà 11 ti burú ju bó ṣe rí lójú lọ. Àwọn kan sì mọ bí wọ́n ṣe ń da ìlà náà padà sí 12 fúngbà díẹ̀ kí wọ́n lè tà á. Ẹ ra ẹ̀rọ OBD kékeré, èyí tí wọ́n ń ki bọ ọkọ̀ láti ka kọ̀ǹpútà inú rẹ̀, kí ẹ fi áàpù LeafSpy ka iye tó wà nínú bátìrì náà gan-an. Lẹ́yìn náà, ẹ ní kí ẹni tó ń tà á ki okùn bọ̀ ọ́ lójú yín, kí ẹ dúró tì í fún wákàtí kan. Bí ó bá ní kò sí àyè fún ìyẹn, ẹ mú owó yín, ẹ máa lọ.