Owó Ọdún Kejì Ni Kí Ẹ Wò

Bí ẹni tó ń wá ilé bá ti kó owó ọdún kan kalẹ̀, pẹ̀lú ti ẹ́jẹ́ńtì àti ti àgírímẹ́ǹtì, ọ̀pọ̀ onílé á ti nawọ́ mú kọ́kọ́rọ́. Nínú iṣẹ́ alábòójútó ilé tí mò ń ṣe l'Ékòó, owó ọdún kìíní kọ́ ló ń dá wàhálà sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n lè dá sí i, kọ́párétíìfù lè yá a. Ní ọdún kejì ló máa ń ku òun nìkan àti ara rẹ̀.

Tí owó tó ń wọlé fún un kò bá fi bẹ́ẹ̀ jọjú, ẹ bi í níbi tí èyí tó mú wá ti wá. Ká ní ilé jẹ́ 600,000 náírà lọ́dún, 50,000 ló gbọ́dọ̀ máa yà sọ́tọ̀ lóṣù. Tó bá jẹ́ pé ó yá a ni, yóò tún máa wá 50,000 mìíràn fún gbèsè, èlé ò tíì sí níbẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi lè fi òṣìṣẹ́ tó ń gba 250,000 sílẹ̀, bí áàpù ayánilówó mẹ́ta bá ń já owó rẹ̀ gbà ní báǹkì, kí n sì mú télọ̀ tí kì í rí ju 150,000 lọ, tí káàdì àjọ rẹ̀ kò ní àlàfo látòkè délẹ̀.

Ẹ pe onílé tó ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ báyìí, àmọ́ ẹ rọra gbà á gbọ́. Ẹni tó fẹ́ kí ayálégbé kó jáde lè yìn ín dé ọ̀run! Onílé tó ṣáájú ìyẹn ni kí ẹ wá kàn. Lẹ́tà pásítọ̀ kì í ṣe onídùúró.

Àwọn kan á ní kó kúkú san ọdún méjì. Òfin ayálégbé Ìpínlẹ̀ Èkó ti 2011 kò gbà kí onílé gba ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun, àyàfi ní Ìkòyí, Victoria Island, Apápá àti GRA Ìkẹjà tí òfin náà kò kàn. Ìtanràn 100,000 náírà tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta ló wà fún ẹni tó gbà á, àtẹni tó san án pàápàá.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù ni kí n wo oṣù tí owó ilé máa bọ́ sí. Télọ̀ kan fẹ́ kó wọlé ní oṣù kẹsàn-án, ìgbà tí owó ilé-ìwé àwọn ọmọ ń fún un lọ́rùn. Owó oṣù mẹ́rin la kọ́kọ́ gbà, kí ọdún rẹ̀ lè máa bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní, lẹ́yìn tó bá ti rán aṣọ Kérésì tán. A kọ ọ́ sínú àgírímẹ́ǹtì kó tó gba kọ́kọ́rọ́.