Iye ẹjọ́ tó dé àgọ́ ọlọ́pàá kì í ṣe iye obìnrin tí wọ́n ń lù

Ọ̀rọ̀ kan kì í tán lẹ́nu àwọn aláṣẹ àti àwọn tó ń fowó ti iṣẹ́ ìdáàbòbò obìnrin lẹ́yìn: pé níbi tí ẹjọ́ ìwà ipá sí obìnrin kò bá ti pọ̀, àlàáfíà ló wà níbẹ̀, pé bí ẹjọ́ náà bá sì ń pọ̀ sí i, ìlú ti ń bàjẹ́ nìyẹn. Ìdajì kejì ìgbàgbọ́ yìí ló burú jù, torí òun ló máa ń jẹ́ kí wọ́n rò pé iṣẹ́ tó ń ran obìnrin lọ́wọ́ kò so èso.

Ohun tí ìwé ọlọ́pàá ń kà ni iye obìnrin tó ráyè jáde nílé, tó gbà pé wọ́n máa gbọ́ tòun, tí ẹni tó bá nídìí tábìlì sì kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Ibi mẹ́ta ni ọ̀rọ̀ náà ti lè já sọ́nà kó tó di ẹjọ́. Ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2014 kó àbọ̀ láti orílẹ̀-èdè 24 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gòkè àgbà jọ. Nínú 100 obìnrin tí wọ́n ti hùwà ipá sí, bíi 40 ló sọ fún ẹnikẹ́ni rárá, 7 péré ló sì dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá, ilé ìwòsàn tàbí àjọ ìrànlọ́wọ́. Kò ya ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí lẹ́nu. Ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé laṣeni ń gbé: ọkùnrin tí obìnrin náà fẹ́ fẹjọ́ rẹ̀ sùn ló ń san owó ilé, òun ni bàbá àwọn ọmọ, bí wọ́n bá sì tú u sílẹ̀ nírọ̀lẹ́, ilé kan náà ni àwọn méjèèjì yóò sùn.

Báwo la ṣe wá ń mọ bó ṣe pọ̀ tó? Àwọn obìnrin fúnra wọn là ń bi, iṣẹ́ tí àwọn olùwádìí tó ń jà fún ẹ̀tọ́ obìnrin sì ṣe níbí yìí kò kéré. Lọ́dún 1993, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń ṣètò ìṣirò ní Kánádà bá àwọn obìnrin bíi 12,300 sọ̀rọ̀ lórí fóònù; 51 nínú 100 sọ pé ó kéré tán, ẹnì kan ti lu àwọn tàbí fipá bá àwọn lò rí láti ìgbà tí àwọn ti pé ọmọ ọdún 16. Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ sí orílẹ̀-èdè 10, wọ́n sì bá obìnrin tó lé ní 24,000 sọ̀rọ̀. Nínú àbọ̀ wọn lọ́dún 2005, iye àwọn tí ọkọ tàbí olólùfẹ́ wọn ti lù tàbí fipá bá lò rí bẹ̀rẹ̀ láti 15 nínú 100 ní ìlú ńlá kan ní Japan títí dé 71 nínú 100 ní ẹkùn kan ní Ethiopia.

Bí a ṣe béèrè ọ̀rọ̀ ló ń pinnu ohun tí a máa gbọ́. Bí o bá bi obìnrin pé, "Ṣé wọ́n ń hùwà ipá sí ẹ?", ọ̀pọ̀ yóò ní rárá, kì í sì í ṣe pé wọ́n ń purọ́. Ẹni tí ọkọ rẹ̀ tì lulẹ̀ lè ka ìyẹn sí ìbínú lásán. Nítorí náà, ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an ni ìwé ìbéèrè Àjọ Ìlera Àgbáyé ń dárúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan: ṣé ó ti gbá ẹ létí rí tàbí ju nǹkan tó lè ṣe ẹ́ léṣe lù ẹ́? Ṣé ó ti tì ẹ́, tàbí fà ẹ́ nírun? Ṣé ó ti fi ẹ̀ṣẹ́ lù ẹ́? Ṣé ó ti ta ẹ́ nípàá, wọ́ ẹ nílẹ̀, fún ẹ lọ́rùn, tàbí mọ̀ọ́mọ̀ fi iná jó ẹ? Ṣé ó ti fa ọ̀bẹ tàbí ìbọn yọ sí ẹ? Lórí èyí tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n á tún béèrè bóyá láàárín oṣù 12 tó kọjá ni, àti bóyá ẹ̀ẹ̀kan ni, ìgbà díẹ̀ ni, tàbí ọ̀pọ̀ ìgbà.

Ààbò ló tẹ̀ lé e, kò sì ṣe é fi ṣeré. Obìnrin kan ṣoṣo ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ nínú ilé kan, kí ẹlòmíì má baà mọ ohun tí wọ́n béèrè. Wọn kì í pe orúkọ ìwádìí náà ní ti ìwà ipá fún àwọn ará ilé. Ìwádìí lórí ìlera àti ìgbé ayé obìnrin ni wọ́n ń pè é. Ọmọ tó bá ti ju ọdún méjì lọ kò gbọdọ̀ sí níbẹ̀. Bí ọkọ bá já wọlé, ẹni tó ń béèrè ọ̀rọ̀ ti ní ìwé ìbéèrè mìíràn lọ́wọ́, lórí ohun tí kò lè dá wàhálà sílẹ̀, yóò sì yí sí i lójú ẹsẹ̀.

Ẹni tó ń béèrè náà ṣe pàtàkì. Ní Serbia, wọ́n fi àwọn obìnrin tí iṣẹ́ wọn ni ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, tí wọ́n kọ́ fún ọjọ́ kan péré, wé àwọn tí kò ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí ṣùgbọ́n tí wọ́n fara balẹ̀ yàn, tí wọ́n sì kọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn tuntun yìí ló ṣe dáadáa jù: 93 nínú 100 gbà láti dá wọn lóhùn, 86 ló dá àwọn onímọ̀ṣẹ́ lóhùn; 26 nínú 100 tú ọ̀rọ̀ ìwà ipá sílẹ̀ fún wọn, 21 péré ló tú u fún àwọn yòókù. Ìlú kan náà ni, ìwé ìbéèrè kan náà.

Àwọn ohun kan sì wà tí ẹnu kò lè sọ lójú ẹlòmíì. Ní ìparí ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, wọ́n máa ń fún obìnrin ní káàdì tí wọ́n ya ojú méjì sí, ọ̀kan ń rẹ́rìn-ín, èkejì ń sunkún. Bí ẹnikẹ́ni bá ti fọwọ́ kàn án lọ́nà ìbálòpọ̀ láìjẹ́ pé ó fẹ́ kó tó pé ọmọ ọdún 15, yóò fàmì sí ojú tó ń sunkún, yóò sì fi káàdì náà sínú àpòòwé. Ní ọ̀pọ̀ ibi, iye tí káàdì náà gbé jáde ju èyí tí wọ́n fẹnu sọ lọ.

Kíka ìwà nìkan náà lè ṣini lọ́nà. Ìwọ̀n ìwà ipá láàárín tọkọtaya tí Murray Straus, onímọ̀ nípa àwùjọ ní Amẹ́ríkà, gbé jáde lọ́dún 1979 ń ka ẹni tó lu ẹnì kejì àti iye ìgbà, ó sì sábà máa ń jọ pé tọkọtaya ń lu ara wọn bákan náà. Kò béèrè ẹni tó farapa, kò sì béèrè nípa ìfipábánilòpọ̀. Ọdún 1996 ni wọ́n tó fi méjèèjì kún un. Ẹni tó ti ọwọ́ tó ń fún un lọ́rùn kúrò àti ẹni tó ń fún un lọ́rùn kò lè jókòó sínú àpótí kan náà.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ẹjọ́ tó ń pọ̀ sí i. Bí wọ́n bá ṣí ilé ààbò tuntun, tí wọ́n dá ọlọ́pàá lẹ́kọ̀ọ́, tí wọ́n sì polongo nọ́ńbà ìrànlọ́wọ́, ó yẹ kí àwọn tó ń fẹjọ́ sùn pọ̀ sí i ní ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ìwà ipá ń dín kù gbọ́dọ̀ bi àwọn obìnrin àdúgbò léèrè ṣáájú àti lẹ́yìn. Bí wọ́n ṣe yẹ SASA!, iṣẹ́ tó ń kó àwọn ará àdúgbò jọ láti dènà ìwà ipá sí obìnrin, wò ní Kampala ní Uganda nìyẹn, láàárín 2007 sí 2012. Ní àwọn àdúgbò tí iṣẹ́ náà dé, iye obìnrin tí ọkọ tàbí olólùfẹ́ wọn lù láàárín ọdún kan fi ìdá 52 nínú 100 kéré sí ti àwọn àdúgbò tí kò dé. Àdúgbò 8 péré ni gbogbo rẹ̀, nítorí náà iye gidi lè ga tàbí kó rẹlẹ̀ jìnnà sí ìyẹn.

Ilé iṣẹ́ tí kò lágbára ìwádìí ńlá ṣì lè lo ìwé tirẹ̀. Kó fún obìnrin kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà àṣírí kan ṣoṣo tí ilé ìwòsàn, ọlọ́pàá àti ilé ààbò jọ ń lò, torí láìsí i, ẹnì kan ṣoṣo lè di mẹ́ta nínú ìṣirò. Kó kọ ọjọ́ tí ìwà ipá náà bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tí obìnrin náà kọ́kọ́ wá, ẹni tó júwe ibẹ̀ fún un, àti bóyá ó tún padà wá. Bí ẹjọ́ bá ń pọ̀, tí àkókò tó wà láàárín ìgbà tí wọ́n kọ́kọ́ lù wọ́n àti ọjọ́ tí wọ́n wá sì ń kúrú, àwọn obìnrin ti ń tètè rí ọ̀nà débẹ̀ nìyẹn. Bí àwọn tó padà wá bá sì ń pọ̀ pẹ̀lú ọgbẹ́ tó ń le sí i, ohun tí a ń fún wọn lẹ́yìn tí wọ́n bá fẹjọ́ sùn ló yẹ kí a yẹ̀ wò.