Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n gbé orin kan náà jáde

Àwọn ọ̀dọ́ tó ń wá gba orin sílẹ̀ ní sítúdíò mi, wọ́n á gbé orin síta ní Fúráìdé, tó bá máa fi di Mọ́ńdè tí wọ́n rí i pé èèyàn ogójì péré ló gbọ́ ọ, wọ́n á pè mí, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ jẹ́ ká yọ ọ́ kúrò jàre, orin yẹn ò dáa." Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń dùn mí gan-an, torí ọ̀pọ̀ ìgbà ló jẹ́ pé orin yẹn dáa, bí a ṣe gbà á sílẹ̀ ni ò tíì dáa, tàbí kó jẹ́ pé kò tíì rí ọ̀nà tó máa gbà dé ọ̀dọ̀ àwọn tó yẹ kó gbọ́ ọ. Nǹkan mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn o, ẹni tí kì í ṣe olórin kì í sábà yà wọ́n sọ́tọ̀, wọ́n á kàn ní orin dáa tàbí orin ò dáa.

Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ ìtàn a-ha fún wọn. Báǹdì ọmọ Nọ́wè ni, ọkùnrin mẹ́ta péré: Morten Harket tó ń kọrin, Magne Furuholmen tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù, àti Pål Waaktaar tó ń ta gìtá, tó sì ń kọ èyí tó pọ̀ jù nínú orin wọn. Ní 1982 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Oslo, wọ́n túká, wọ́n padà, wọ́n tún túká, wọ́n tún padà, títí dé 2022 tí wọ́n ṣì gbé àwo tuntun jáde. Bí ẹ ò bá tiẹ̀ mọ orúkọ wọn, mo mọ̀ pé ẹ ti gbọ́ Take On Me rí, èyí tí kíbọ́ọ̀dù máa ń sáré níbẹ̀rẹ̀, tí ọkùnrin kan á wá máa gbé ohùn gun òkè títí tí ẹ̀yin tó ń gbọ́ ọ á fi máa bá a dá èémí dúró.

Kíbọ́ọ̀dù tó ń sáré yẹn ni àwa ń pè ní rífù, ìyẹn gbólóhùn orin kékeré kan tó ń padà wá léraléra, tó jẹ́ pé òun lèèyàn á fi dá orin mọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó lanu. Magne ò tíì pé ogún ọdún nígbà tó rí i. Òun àti Pål, ọmọ àdúgbò kan náà ni wọ́n ní Manglerud, wọ́n ti ní báǹdì kan tẹ́lẹ̀ tó ń jẹ́ Bridges, wọ́n sì gbé àwo kan jáde fúnra wọn ní 1980. Orin Juicy Fruit ni wọ́n ń pe rífù yẹn nígbà náà, torí ó dà bí orin tí wọ́n fi ń polówó ṣingọ́ọ̀mù, ó ti dùn jù fún irú báǹdì tí wọ́n fẹ́ jẹ́. Morten ló gbọ́ ọ, tó ní ẹ má sọ èyí nù o, orin ńlá wà nínú ẹ̀. Mo fẹ́ràn ibí yìí nínú ìtàn wọn gan-an. Ẹni tó kọ nǹkan kì í fìgbà gbogbo mọ iye tó jẹ́, ó yẹ kéèyàn ní ẹni kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ tó létí.

Wọ́n wá kó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, torí pé Oslo ìgbà yẹn kì í ṣe ibi tí olórin ti lè di olókìkí àgbáyé. Owó tán lọ́wọ́ wọn, ilé tí wọ́n ń gbé ò dáa, wọ́n sì ń lo sítúdíò kan tó ń jẹ́ Rendezvous, ti John Ratcliff, àwọn fúnra wọn sì sọ pé gémù Space Invaders tó wà níbẹ̀ wà lára ohun tó jẹ́ kí wọ́n yan ibẹ̀. Ratcliff ló mú wọn mọ Terry Slater tó di máníjà wọn, nígbà tó sì fi máa di òpin 1983, wọ́n ti bọ́wọ́ lùwé pẹ̀lú Warner, ilé-iṣẹ́ tó ń gbé orin jáde.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí Take On Me jáde, 1984 ni, Tony Mansfield ló bá wọn ṣe é. Wọ́n rà á ní Nọ́wè, ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò wọ inú ọgọ́rùn-ún orin àkọ́kọ́ rárá. Tí ẹ bá gbọ́ ẹ̀dà yẹn, rífù kan náà ni, ọ̀rọ̀ kan náà ni lọ́pọ̀ ibi, síbẹ̀ ní etí tèmi, ara orin yẹn fúyẹ́, ìlù ẹ̀ tín-ín-rín, gbogbo nǹkan dà bíi pé inú kọ̀ǹpútà ló ti ń wá, ohùn Morten tó yẹ kó gbá èèyàn láyà wá ń dún bí ẹni tó dúró sí yàrá kejì. Ohun tí mò ń pè ní gbígbà nìyẹn. Ọbẹ̀ kan náà, èèlò kan náà, iná ni ò jó dáadáa.

Wọ́n pe Alan Tarney kó tún un ṣe. Ó fi agbára sí ìlù, ó jẹ́ kí kíbọ́ọ̀dù nípọn, ó sì fi ohùn sí iwájú pátápátá. Ẹ̀dà yìí ni gbogbo ayé mọ̀ lónìí. Wọ́n gbé e jáde ní 1985, ṣé ẹ mọ̀ pé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ò tún dá wọn lóhùn? Orin tó dáa, gbígbà tó dáa, ó tún kú. Ibí ni àwọn ọmọ sítúdíò mi máa ń dákẹ́.

Kí n tó dé ìgbà kẹta, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ ohùn yẹn díẹ̀, torí ó wà lára iṣẹ́ mi, n ò sì lè fò ó. Ẹ̀yin tí ẹ ti kọrin ní kúáyà, ẹ mọ dò, rè, mí. Ègbè Take On Me bẹ̀rẹ̀ láti dò ìsàlẹ̀ pátápátá, ibi tí àwọn báàsì máa ń kọ, ó gba dò kọjá lẹ́ẹ̀mejì, ó wá lọ tẹnu bọ só tó wà lókè yẹn, ibi tí ohùn àyà ọ̀pọ̀ ọkùnrin ò lè dé, àfi kó yí i sí ohùn tín-ín-rín tó dà bíi ti obìnrin. Kì í ṣe gígùn yẹn nìkan ló le. Ohun tó le ni pé ó ń gun àtẹ̀gùn yẹn díẹ̀díẹ̀ láìsí ibi tí ẹ ti máa gbọ́ pé ohùn já, àti pé lórí ìtàgé kò sí kọ̀ǹpútà tó máa bá a tún un ṣe nígbà yẹn. Tí akọrin bá wá bá mi pé òun fẹ́ kọ orin yìí níbi ìgbéyàwó, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí mo máa ń bi í ni pé báwo ni ìsàlẹ̀ ẹ ṣe rí, torí gbogbo èèyàn ń bẹ̀rù òkè, wọ́n á wá gbé orin sókè jù láti ìbẹ̀rẹ̀, tí wọ́n bá dé ibi tó yẹ kí wọ́n dé, kò ní sí àyè mọ́.

Ohun mìíràn tún wà. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, èdè tí ohùn gíga tàbí ìsàlẹ̀ kì í yí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ padà, ìdí nìyẹn tí orin fi lè gùn bó ṣe wù ú. Tí ẹ bá fi ọ̀rọ̀ Yorùbá sí orin yẹn gẹ́lẹ́, tó ń lọ sókè lọ sókè bẹ́ẹ̀, "ọkọ" lè di "ọkọ́" tàbí ọ̀rọ̀ tí kò nítumọ̀, bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nínú àwọn orin ìwé ìyìn wa tí wọ́n túmọ̀ sí orí ohùn òyìnbó. Àwa tí a ń kọrin Yorùbá gbọ́dọ̀ máa rántí ìyẹn tí a bá ń wo iṣẹ́ wọn.

Ìgbà kẹta ni fídíò dé. Àwọn Warner ti Amẹ́ríkà, pàápàá Jeff Ayeroff, ò jẹ́ kí orin yẹn lọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbé e fún Steve Barron, ẹni tó ṣe fídíò Billie Jean fún Michael Jackson, pẹ̀lú Michael Patterson àti Candace Reckinger tí wọ́n jẹ́ ayàwòrán. Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyí: wọ́n kọ́kọ́ ya Morten àti ọmọbìnrin inú fídíò náà sínú fíìmù bí ẹni ń ya fíìmù lásán, wọ́n wá ń fi pẹ́ńsù yàwòrán tẹ̀lé fíìmù yẹn lórí pépà, ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan, tó fi jẹ́ pé bí ẹgbẹ̀rún mẹ́ta àwòrán ni wọ́n fi ọwọ́ yà. Ó gbà wọ́n tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rìndínlógún. Fún fídíò ìṣẹ́jú mẹ́rin, ti orin tó ti kú lẹ́ẹ̀mejì! MTV, tẹlifíṣọ̀n tó ń fi fídíò orin hàn, gbé e, àwọn èèyàn ò sì lè mójú kúrò. Ní October 1985 orin yẹn di nọ́ńbà kan ní Amẹ́ríkà, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ti kọ̀ ọ́ náà gbé e dé nọ́ńbà méjì, ọdún tó tẹ̀ lé e fídíò náà gba àmì-ẹ̀yẹ mẹ́fà lọ́wọ́ MTV. Ní 2020 ó kọjá bílíọ̀nù kan lórí YouTube.

Ọdún 1986 yẹn náà ni wọ́n forúkọ wọn sílẹ̀ fún Grammy ti olórin tuntun tó dára jù, wọn ò sì gbà á. Sade Adu ló gbà á, ọmọ tiwa tí wọ́n bí ní Ìbàdàn. Inú mi máa ń dùn tí mo bá ń sọ ibẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn nǹkan yá. The Sun Always Shines on T.V. di nọ́ńbà kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1986, ní 1987 wọ́n kọ orin fíìmù James Bond, The Living Daylights. Amẹ́ríkà tètè gbàgbé wọn, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń sọ pé olórin-kan-ṣoṣo ni wọ́n, ṣùgbọ́n ẹ lọ bi àwọn ará Bràsíl. Ní January 1991 ní Maracanã, Rio, èèyàn 198,000 ló sanwó wá wò wọ́n, ìwé Guinness sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ń ṣẹlẹ̀ sí olórin, ibi tó fojú sí kọ́ ni ọjà ẹ̀ máa wà.

Ní 1994 wọ́n fi iṣẹ́ sílẹ̀. Wọn ò jà ní gbangba, oníkálùkù kàn bá tiẹ̀ lọ: Pål dá báǹdì Savoy sílẹ̀ pẹ̀lú ìyàwó ẹ̀, Magne ń ṣe iṣẹ́ ọnà, Morten ń dá kọrin. Nínú fíìmù tí Thomas Robsahm ṣe nípa wọn ní 2021, ẹ máa rí i pé wọn ò fi bẹ́ẹ̀ jọ ń jókòó, àti pé ọ̀rọ̀ ẹni tó kọ kí nínú orin wo ṣì ń dùn wọ́n. Kí n ṣàlàyé ìyẹn fún ẹ̀yin tí ẹ ò sí nínú iṣẹ́ yìí: owó tó ń wọlé fún ẹni tó kọ orin yàtọ̀ sí owó tó ń wọlé fún ẹni tó kọ ọ́ lẹ́nu, ti òǹkọ̀wé orin ló sì máa ń pẹ́ jù, á máa wọlé lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún. Ẹni tó rí rífù ńkọ́, ṣé ó kọ orin ni àbí ó tẹ kíbọ́ọ̀dù lásán? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ọmọ báǹdì, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé lọ́jọ́ tí ẹ ṣe orin yẹn gan-an, nígbà tí ẹ ṣì jọ ń jẹun.

Ayẹyẹ Nobel ti àlàáfíà ní Oslo ní 1998 ló kó wọn jọ padà, àwo tí wọ́n wá ṣe ní 2000 di nọ́ńbà kan ní Nọ́wè àti Jámánì, inú ẹ̀ ni Summer Moved On wà, níbi tí Morten ti di ohùn kan mú fún ogún ìṣẹ́jú àáyá láì mí. Ní December 2010 wọ́n dágbére ní Oslo Spektrum, wọ́n ní ó tán. Ní 2015 wọ́n tún padà sí Rio.

Ní June 2025 ìròyìn jáde pé Morten ní àrùn Parkinson, wọ́n sì ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un nínú ọpọlọ. Ó dùn mí bíi pé ará ilé mi ni, torí ohùn yẹn ló kọ́ mi ní nǹkan tó pọ̀.

Tí ẹ bá ní ìṣẹ́jú mẹ́rin lónìí, ẹ wá ẹ̀dà Take On Me tí wọ́n kọ láìsí ẹ̀rọ iná ní 2017, ní erékùṣù Giske. Wọ́n fà á, ó lọ́ra, ó rọra ń bọ̀ bí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀. Rífù tí wọ́n ní ó dà bí ìpolówó ṣingọ́ọ̀mù yẹn ò sáré mọ́, ó ń rìn. Ẹ lo íàfóònù, ẹ má fi fóònù lásán gbọ́ ọ.