Bí ẹja ṣe ń gba ẹnu odò kọjá lẹ́bàá Ọya

Nígbà tí odò Ọya (Niger) bá ń fà, ibi tó fẹ̀ jù kọ́ ni àwọn apẹja ìhà Ọwọ́rọ̀ àti Lọ́kọ́ja ń dójú sọ. Ẹnu odò ni, níbi tí àwọn odò kéékèèké ti ń já sínú Ọya. Ẹja tó fẹ́ wọ inú koríko, ibẹ̀ ló máa ń gbà. Tó bá sì ń padà bọ̀, ibẹ̀ náà ni.

Bí òjò bá ti rọ̀ tó, omi á kún, á sì ta sórí ilẹ̀ koríko tó wà létí odò. Àrọ̀ tí ẹyin ti kún inú rẹ̀ á gba ẹnu odò wọlé, á gòkè lọ síbi tí omi ò ti jìn, á sì yé ẹyin sára koríko. Ẹyin náà kì í pẹ́ pa: bí omi bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, ọjọ́ kan sí méjì ti tó. Koríko yìí ló ń fi àwọn ọmọ ẹja pamọ́ fún ẹja ńlá, inú rẹ̀ náà ni wọ́n ti ń rí kòkòrò jẹ.

Láàárín oṣù Kẹsàn-án sí Ìkẹwàá ni omi máa ń kún jù ní Lọ́kọ́ja, nítorí pé omi Bẹ́núé náà ti dé. (Ní 2012 àti 2022, ó kún débi pé ó wọ ilé, ó sì bo títì.) Lẹ́yìn náà ni omi á bẹ̀rẹ̀ sí í fà, ẹja á sì máa tẹ̀ lé e. Èyí tó bá fi falẹ̀ á há sínú kòtò omi. Àrọ̀ lè fara dà á nínú ẹrẹ̀, torí ó lè mí afẹ́fẹ́ òkè omi. Ọ̀bọ̀kún ò lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìgèrè, apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n fi ń dẹ ẹja, ni irinṣẹ́ tó bá ẹnu odò mu jù. Ẹnu rẹ̀ fẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn igi tẹ́ẹ́rẹ́ inú rẹ̀ dojú sọ inú lọ́hùn-ún: ẹja á ráyè wọlé, kò ní ráyè jáde. Wọ́n á fi igi ṣe ọgbà sí ọ̀tún àti òsì, kí ẹja má bàa yà. Bí omi bá ń fà, ẹnu ìgèrè á kọjú sí òkè odò, torí ibẹ̀ ni ẹja ti ń bọ̀. Bí omi bá ń kún, ìsàlẹ̀ ni ẹja ti ń wá.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le nìyẹn. Àrọ̀ tó ń gòkè lásìkò tí omi ń kún, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹyin ló wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá fi ọgbà tàbí àwọ̀n dí ẹnu odò pátápátá nígbà náà, ẹja ọdún tó ń bọ̀ ló ń kó sínú apẹ̀rẹ̀. Dáàmù náà ń dínà: èyí tó wà lórí odò Kampe ní Yàgbà kì í jẹ́ kí ẹja ìsàlẹ̀ gòkè kọjá ibẹ̀. Nílẹ̀ òyìnbó, níbi tí ẹja salmon ti ń ti inú òkun padà sínú odò tí wọ́n ti bí i láti lọ yé ẹyin, wọ́n máa ń mọ àtẹ̀gùn omi sẹ́gbẹ̀ẹ́ dáàmù kí ẹja lè máa fò ó gòkè.

Ẹnu odò ò nílò àtẹ̀gùn. Àlàfo tí ọkọ̀ kan lè gbà kọjá ni kí wọ́n fi sílẹ̀ láàárín ọgbà, títí omi yóò fi kún dé ojú ibi tó máa kún dé. Tó bá ti ń fà, kí wọ́n wá dẹ ìgèrè.