Lọ́ńdọ̀nù sí New York: apá wo ni kí n jókòó sí nínú bàálù?

Àbúrò mi kan tó ń gbé ní Peckham fẹ́ lọ kí àwọn èèyàn wa ní Brooklyn lóṣù kẹwàá. Ó ti ra tíkẹ́ẹ̀tì tán, ó ku kó mú ìjókòó, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í da ìbéèrè bò mí. Mo ní kí n kúkú kọ ìdáhùn sílẹ̀, torí òun kọ́ lẹni àkọ́kọ́ tó máa béèrè.

Ẹ̀gbọ́n mi, ṣebí omi náà ni omi. Ṣé apá tí mo bá jókòó sí tiẹ̀ já mọ́ nǹkan kan?

Lójú agbami, rárá. Ìkùukùu ló sábà máa ń bo ibẹ̀, ọjọ́ tí kò bá sì bò ó, omi lásán ni. Wákàtí àkọ́kọ́ àti wákàtí méjì tó kẹ́yìn lojú máa ń rí nǹkan gidi, oòrùn ló sì lè ba ìyẹn jẹ́. Bàálù tó bá gbéra láago mọ́kànlá àárọ̀ máa ń dé New York ní nǹkan bí aago méjì ọ̀sán tiwọn, lẹ́yìn wákàtí mẹ́jọ. Ìwọ̀-oòrùn lò ń lọ, ò ń lé oòrùn kiri, oòrùn náà ò sì ní kúrò lápá gúúsù, ìyẹn ọwọ́ òsì rẹ. Ẹni tó bá jókòó sí òsì, bó pẹ́ bó yá, á fa ìbòjú fèrèsé sílẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún ni kó o mú ní àlọ.

New York wà nísàlẹ̀ Lọ́ńdọ̀nù lórí máàpù. Kí ló dé tí bàálù fi ń kọrí sókè?

Máàpù ló ń tàn ọ́. Pẹrẹsẹ ló rí, ayé sì rí róbótó. Wá bọ́ọ̀lù ayé tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ níléèwé, kó o fa òwú le lórí rẹ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù sí New York. Wàá rí i pé òwú náà á kọ́kọ́ yà díẹ̀ sí àríwá, á gba orí Ireland, kó tó tẹ̀ wá sílẹ̀ lápá Newfoundland ní Kánádà. Ọ̀nà tó kúrú jù nìyẹn.

Àmọ́ kì í ṣe ojú kan náà ni wọ́n ń gbà lójoojúmọ́. Afẹ́fẹ́ líle kan wà lókè tó ń fẹ́ láti ìwọ̀-oòrùn. Àwọn tó ń darí ọkọ̀ òfurufú ní Prestwick ní Scotland àti ní Gander ní Kánádà máa ń tún ọ̀nà orí òkun là lójoojúmọ́ nítorí rẹ̀: kí bàálù tó ń lọ lè yẹra fún un, kí èyí tó ń bọ̀ lè gùn ún bí ẹṣin. Ìyẹn ló jẹ́ kí àbọ̀ máa yá ju àlọ lọ.

Ṣé màá rí Gríńláǹdì?

Má gbọ́kàn lé e. Àwọn tó ń lọ sí Los Angeles tàbí San Francisco ló sábà máa ń gba orí rẹ̀. Láti kìlómítà 11 sókè, ojú lè ríran dé nǹkan bí kìlómítà 370 tí ojú ọjọ́ bá mọ́, nítorí náà tí afẹ́fẹ́ bá ti yín lọ sí àríwá gan-an, o lè rí ìdí rẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, lọ́wọ́ ọ̀tún náà ni. Ká ní oṣù kẹrin sí ìkẹfà lo fẹ́ lọ ni, ǹ bá ní kó o ṣọ́ omi Newfoundland. Òkè yìnyín tó já kúrò lára Gríńláǹdì máa ń léfòó wá síbẹ̀, funfun báláú bí ẹ̀kọ tútù nínú abọ́ dúdú. Irú wọn ló ri Titanic lọ́dún 1912.

Nọ́ńbà wo ni kí n wá tẹ̀?

Lẹ́tà A ni fèrèsé òsì. K tàbí L ni ti ọ̀tún nínú bàálù ńlá. Ibi tí ìyẹ́ wà máa ń hàn nínú àwòrán ìjókòó: sá fún un. Iwájú rẹ̀ ló dára jù, ṣùgbọ́n àwọn olówó ló ń jókòó síbẹ̀. Àwa yòókù á lọ sẹ́yìn, sẹ́yìn dáadáa, torí ooru ẹ́ńjìnnì máa ń mú kí ilẹ̀ máa gbọ̀n lójú ẹni tó bá wà lẹ́yìn ìyẹ́ gẹ́lẹ́.

Tún wádìí bóyá fèrèsé wà níbẹ̀ lóòótọ́. Mo ti sanwó lé ìjókòó “ẹ̀gbẹ́ fèrèsé” rí tó jẹ́ ògiri gbalaja, torí pé ọ̀pá amúlétutù gba inú ibẹ̀ kọjá. Mo wo ògiri láti Lọ́ńdọ̀nù dé Amẹ́ríkà.

Àbọ̀ ńkọ́? Òru ni wọ́n fi mí sí.

Ibẹ̀ ló ti le. Àríwá ti di ọwọ́ òsì rẹ, níbi tí ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewé ti máa ń jó lójú ọ̀run nígbà míì, nígbà tí àwọn ègé tíntìntín tí oòrùn ń tú jáde bá kọ lu afẹ́fẹ́ ayé. Àmọ́ ọwọ́ ọ̀tún ni Lọ́ńdọ̀nù wà tẹ́ ẹ bá ń balẹ̀ sí Heathrow, torí afẹ́fẹ́ sábà máa ń mú kí wọ́n wọlé láti ìlà-oòrùn: odò Thames, Tower Bridge, Hyde Park, gbogbo rẹ̀ á tò lọ bẹẹrẹ. Ọ̀tún lèmi máa mú, ọ̀run kì í dá èèyàn lójú. Ṣùgbọ́n tí àwọn tó ń sọ àsọtẹ́lẹ̀ ìmọ́lẹ̀ yẹn bá ní ó máa jó dáadáa lálẹ́ ọjọ́ náà, mú òsì. Fi aṣọ ìbora bo orí àti fèrèsé pọ̀ kí iná inú bàálù má bàa dí ọ lójú, kó o sì gbé fóònù sí gíláàsì. Fóònù máa ń rí àwọ̀ rẹ̀ ju ojú lọ.