Bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ọmọ tó ń kọ oúnjẹ

Kì í ṣe gbogbo ọmọ tó ń kọ oúnjẹ ló lágídí o. Níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú ẹ̀, bíi ilé ìtọ́jú ọmọdé Kennedy Krieger ní Baltimore l'Amẹ́ríkà, dókítà ló máa kọ́kọ́ yẹ ọmọ náà wò, ṣé oúnjẹ ń padà wá sí i lọ́fun ni, ṣé ó ń yàgbẹ́ dáadáa, ṣé ó lè gbé nǹkan mì, torí tí jíjẹun bá ṣì ń fa ìrora fún un, kò sóhun tí wọ́n máa kọ́ ọ tó máa wọlé.

Àmọ́ ìrora lè ti lọ tipẹ́ kí kíkọ̀ ṣì kù. Wọ́n gbé ṣíbí dé, ọmọ yí ọrùn padà, ó figbe ta, ó tu oúnjẹ dànù, àánú ẹ̀ ṣe màmá ẹ̀, wọ́n gbé abọ́ kúrò wọ́n sì fún un ní bísíkíìtì, ọmọ ti mọ̀ báyìí pé ẹkún ló ń lé ṣíbí lọ. Ìyá ọ̀hún ò ṣe burúkú, ta ló fẹ́ kọ́mọ òun máa sunkún?

Ohun tó ń tẹ̀ lé kíkọ̀ yẹn ni ìtọ́jú yìí ń yí padà. Wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ṣíbí òfìfo tí wọ́n kàn fi kàn án létè, kó tó wá di pé oúnjẹ wà lẹ́nu ṣíbí náà díẹ̀, kó tó di ìlàjì ṣíbí, tàbí kí wọ́n po oúnjẹ tuntun díẹ̀ mọ́ èyí tó fẹ́ràn kí wọ́n sì máa fi kún un. Bó bá ti gbà á báyìí, wọ́n á yìn ín lójú ẹsẹ̀, wọ́n á fún un ní tọ́ì tó fẹ́ràn. Tó bá sunkún, kò sí igbe, kò sí ẹ̀bẹ̀, ṣíbí ò kàn ní tètè kúrò níbẹ̀ ni. Ẹkún yẹn máa ń kọ́kọ́ pọ̀ sí i kó tó wálẹ̀, ibẹ̀ ló sì ti máa ń sú ọ̀pọ̀ òbí, wọ́n á gbé ṣíbí kúrò, ọmọ á wá mọ̀ pé òun kàn ní láti sun ún pẹ́ sí i. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé àwọn tó mọ iṣẹ́ ọ̀hún ló ń kọ́kọ́ bá ọmọ tí tiẹ̀ le gan-an ṣe é, kí wọ́n tó kọ́ òbí.

Ẹ má fi wé rírọ ọmọ o! Kí wọ́n dá ọmọ dùbúlẹ̀ lórí ẹsẹ̀, kí wọ́n di imú ẹ̀ mú kí wọ́n máa da ẹ̀kọ sí i lẹ́nu, ó léwu gan-an, ẹ̀kọ lè gba ọ̀nà èémí wọ ẹ̀dọ̀fóró, ẹ̀rù oúnjẹ á sì túbọ̀ máa ba ọmọ.

Wàrà àti júùsì tí ọmọ ń mu káàkiri láàárín oúnjẹ kan sí òmíì náà ń pa ebi ẹ̀, wọ́n máa ń dín in kù. Tọ́mọ bá wá ń rù, tàbí tóúnjẹ ń há a lọ́fun, ọ̀dọ̀ dókítà ọmọdé ni kí wọ́n kọ́kọ́ gbé e lọ.