Íǹṣì mélòó ló yẹ kí ọ̀pá ìbọn lever-action gùn?

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ ra ìbọn lever-action tí màá fi ṣọdẹ àgbọ̀nrín ní Pennsylvania. Katiríìjì .30-30 ni gbogbo èyí tí mo rí ní ṣọ́ọ̀bù ń lò, àmọ́ ọ̀pá ọ̀kan jẹ́ íǹṣì 16, òmíràn 20, òmíràn 24. Ṣé èyí tó gùn jù kọ́ ló lágbára jù?

Ìdáhùn: Ẹ mú 20. (Fún ẹni tí kò mọ ìbọn yìí: irin kan wà lábẹ́ rẹ̀ tí ọwọ́ ń wọ̀. Tí ẹ bá tì í wá sílẹ̀, òfìfo katiríìjì (páálí irin kékeré tó kó ọta àti ẹ̀tù pọ̀) á fò jáde. Tí ẹ bá dá a padà, òmíràn á wọlé.)

Èrò pé ọ̀pá gígùn ló lágbára kì í ṣe irọ́. Ayé ẹ̀tù dúdú ló ti wá, irú èyí táwọn ọdẹ wa nílé ń rọ sínú ṣakabùlà. Ẹ̀tù yẹn fẹ́ ọ̀pá tó gùn kó tó lè ti ọta dáadáa, ìyẹn ni ìbọn lever-action àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Winchester 1873 fi ní ọ̀pá íǹṣì 24. Ṣùgbọ́n nígbà tí .30-30 jáde lọ́dún 1895 fún ìbọn Winchester 1894 tí John Browning ṣe, ẹ̀tù tí kì í rú èéfín ló wà nínú rẹ̀. Kí ọta tó rìn dé íǹṣì 16, ẹ̀tù yìí ti ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 20 ní ìṣẹ́jú àáyá ni íǹṣì kọ̀ọ̀kan ń fi kún eré ọta. Páálí ọta gréènì 150 (gréènì ni wọ́n fi ń wọn ìwúwo ọta) sábà máa ń sọ pé eré rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 2,390 ní ìṣẹ́jú àáyá. Ọ̀pá íǹṣì 24 ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Ọ̀pá 20 á fún yín ní nǹkan bí 2,300. Nínú igbó tí ẹ ti ń rí ẹran ní yáàdì 80, ìyàtọ̀ yẹn kò lè gba àgbọ̀nrín lọ́wọ́ yín.

Ìbéèrè: Kí ló dé tí ẹ ò ní kí n kúkú mú 16?

Ìdáhùn: Ariwo ni àkọ́kọ́. Ẹnu ọ̀pá kúkurú sún mọ́ etí, iná rẹ̀ sì pọ̀. Èkejì, abẹ́ ọ̀pá ni túùbù tó ń gba katiríìjì wà: ìbọn lever-action Marlin 336 tó jẹ́ íǹṣì 20 ń gba mẹ́fà, ti 16 kì í sábà gba ju márùn-ún lọ. Èyí tó ká mi lára jù ni irin méjì tí a fi ń wo ẹran, ọ̀kan nítòsí ojú, ọ̀kan lórí ẹnu ọ̀pá. Bí wọ́n bá ṣe sún mọ́ra tó, bẹ́ẹ̀ ni àṣìṣe tíńtín ń di ńlá lára ẹran. Bí ẹ bá fẹ́ gbé awò tó ń mú ọ̀nà jíjìn sún mọ́ ojú sórí rẹ̀, ẹ fo ìyẹn dá. Kì í sì í ṣe pé ọ̀pá kúkurú kì í bá ojú ibi tí a yìn ín sí. Kódà irin rẹ̀ máa ń le ju ti gígùn lọ, kì í gbọ̀n tó o.

Tó bá jẹ́ .357 Magnum ni, màá ní kí ẹ mú 16 tayọ̀tayọ̀. Katiríìjì ìbọn ìléwọ́ ni, ẹ̀tù rẹ̀ tètè ń jó tán. Ní ti 24, pápá gbalasa ló yẹ.

Ìbéèrè: Ṣé mo lè ra 20, kí n gé e tó bá yá?

Ìdáhùn: Ẹ má dán an wò. Tí ọ̀pá bá kéré sí íǹṣì 16, tàbí gbogbo ìbọn kéré sí 26, òfin National Firearms Act ti 1934 ní kí ìjọba àpapọ̀ kọ́kọ́ fọwọ́ sí i kí ẹ tó gé e. Ẹ̀wọ̀n wà nínú àìgbọràn. Ẹni tó bá sì wà ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú físà ìgbà díẹ̀, ní gbogbogbòò, kò gbọdọ̀ ní ìbọn lọ́wọ́ láìní ìwé àṣẹ ọdẹ tó ṣì ń ṣiṣẹ́.

Ìbéèrè: Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù pé ó bá mi mu?

Ìdáhùn: Ẹ wọ kóòtù òtútù tí ẹ máa wọ̀ lọ sígbó. Ẹ ṣí ìbọn, ẹ rí i dájú pé kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀, ẹ dorí rẹ̀ kọ ibi tí kò séèyàn. Ẹ dijú, ẹ gbé e sí èjìká, ẹ wá lajú. Tí irin méjèèjì bá bára mu láìjẹ́ pé ẹ wá wọn kiri, ẹ sanwó. Tí ìdí ìbọn (apá tí a ń fi ti èjìká) bá há mọ́ kóòtù, ọ̀pá kọ́ lẹ máa pààrọ̀, ìdí rẹ̀ ni kí wọ́n bá yín gé kúrú.